Àjàṣẹ́ ń dára lójú àlejò, ṣùgbọ́n ta ni yóò san owó ìbọ̀wọ́ ní màtánítè, ilé ìgbẹ̀bí?

Aríkẹ́_Ọ̀sà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní ilẹ̀ Benin), ẹ̀yin ará Kétu àti Ṣábẹ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi.

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi, ẹ jẹ́ kí n gbé e kalẹ̀. Ẹni tó ti kúrò ní Àjàṣẹ́ tipẹ́, tó wá padà wọlé lónìí, á mọ̀ pé ìlú ti ń yí padà. Àwọn gbàgede vodun tí ewúrẹ́ ń sùn sí nígbà èwe wa, wọ́n ti tún wọn ṣe, òyìnbó ń dúró níbẹ̀ ya fọ́tò. Ààfin ọba Toffa, mọ́sálásí ńlá tí àwọn Àgùdà kọ́, ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Aguégués, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kó èèyàn wá wò. Ọdún eégún tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti 2024 tún wá fi kún un. Bí oṣù kẹjọ bá ti wọlé báyìí, yàrá á wọ́n, ẹja á wọ́n, kódà àkàsà á kéré sí i nínú ewé. Èmi náà ń jẹ lára wọn o. Aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ ni mò ń tà, n kò ní bú oúnjẹ ara mi.

Ṣùgbọ́n ìyàwó àbúrò mi rọbí láìpẹ́ yìí, a gbé e lọ sí ibì kan tí n kò ní dárúkọ. Kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, òdínáǹsì, ìwé ohun tí a ó lọ rà, ni wọ́n kọ́kọ́ kọ: ìbọ̀wọ́, òwú, abẹ́rẹ́, sérọ́ọ̀mù, okùn tí wọ́n fi ń rán ara. Famasí inú ọgbà kò ní ìbọ̀wọ́. Ilé ìwòsàn ni mo sọ yìí o! Àbúrò mi fi òru gun zém (ọ̀kadà) káàkiri ìlú, famasí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru yẹn sì jìnnà. Ìyá àti ọmọ wà ní àlàáfíà, a dúpẹ́. Bí a ti ń padà bọ̀ wálé, títì tí a gbà, iná aláràbarà ni wọ́n tò sí i nítorí àlejò.

Ìbéèrè mi rèé. Àlejò tó bá sùn ní òtẹ́ẹ̀lì ń san owó orí fún òru kọ̀ọ̀kan. Kí ló dé tí wọn kò fi lè yọ díẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn ilé ìwòsàn ìlú tí àlejò ń wá wò?

Kẹ̀kẹ́nọ̀229

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire ọmọ tuntun o. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi fi àlejò sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Látìgbà tí náírà ti já ní 2023, àwọn ará Nàìjíríà tí mo máa ń gbé láti ibùdókọ̀ lọ sí ọjà Wàndó ti dín kù. Ẹni tó ń fi náírà ra ọjà wa tẹ́lẹ̀, owó rẹ̀ kò tó mọ́. Oṣù kẹjọ àti ìparí ọdún ló kù tí mo fi ń san gbèsè ọ̀kadà. Bí wọ́n bá tún di owó orí lé àlejò lórí, á gba Kútọ̀nù lọ sí Wídà, á gbàgbé wa síbí.

Aríkẹ́_Ọ̀sà

N kò ní kí wọ́n fi kún un. Èyí tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀ ni mo ní kí wọ́n pín.

Màmá_Nọ́ọ̀sì

Aríkẹ́ ọmọ mi, ẹ kú ewu ọmọ. Mo ti fẹ̀yìn tì, nítorí náà mo lè sọ̀rọ̀ láìwo ẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́ yìí ti ṣẹ̀ wá, torí àwọn ọ̀dọ́ rò pé òní ló bẹ̀rẹ̀. Nígbà ìjọba ológun ti Kérékou, oògùn jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí ìwé. Lórí ìwé ni mo wí. Pẹpẹ ṣófo. Aláìsàn á wá, a ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú kárínẹ̀, a ó fún un ní ìmọ̀ràn, yóò lọ. Nígbà tó di 1987, àwọn mínísítà ìlera ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Bàmákò pẹ̀lú UNICEF àti àjọ ìlera àgbáyé, wọ́n fẹnu kò pé kí aráàlú máa san owó díẹ̀ lórí oògùn, kí èrè rẹ̀ má lọ sí Kútọ̀nù, kó dúró sí ilé ìwòsàn abúlé náà, kí ìgbìmọ̀ tí aráàlú fúnra wọn yàn máa ṣọ́ ọ. Ilẹ̀ wa wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dán an wò, kódà wọ́n ti ń ṣe irú rẹ̀ ní Pahou, lọ́nà Wídà, kí ìpàdé Bàmákò tó wáyé.

Kí n má purọ́, ó ṣiṣẹ́. Oògùn padà sórí pẹpẹ, fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára rí epo lò. Ìyá kan tó bá mú ọmọ wá mọ̀ pé òun kò ní bá ilẹ̀kùn títì. Ṣùgbọ́n owó oògùn yẹn náà ni wọ́n fi ń san owó agbálẹ̀, owó ọdẹ, owó ìwé tí a ń kọ nǹkan sí, owó ọṣẹ. Ní oṣù kìíní 1994, wọ́n gé iye owó wa, sẹ́fà, sí méjì. Ojúmọ́ kan péré, ohun gbogbo tó ń ti òkè òkun bọ̀ di ìlọ́po méjì. Láti ìgbà náà ni ilé ìwòsàn kékeré ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé fún aláìsàn pé kó lọ ra ohun tí wọn kò lè rà fún un.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù. Láti 2009, iṣẹ́ abẹ tí a fi ń gbé ọmọ jáde ti di ọ̀fẹ́, ìjọba ló ń san ọ̀kẹ́ márùn-ún sẹ́fà, ìyẹn 100,000, fún ilé ìwòsàn lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun rere ni, ó ti gba ẹ̀mí tí n kò lè kà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ kì í dúró de owó. Ilé ìwòsàn á ti lo okùn, á ti lo oògùn oorun, á ti lo ìbọ̀wọ́; owó ìjọba á máa bọ̀ lẹ́yìn, ó sì máa ń pẹ́. Ní àárín méjèèjì yẹn ni famasí inú ọgbà ti ń gbẹ. Nítorí náà nígbà tí ẹ bá rí nọ́ọ̀sì tó ní kò sí ìbọ̀wọ́, ẹ má rò pé wọ́n jí i ní gbogbo ìgbà.

Onígàrí_Wàndó

Màmá, ẹ kú ìtọ́jú wa. Ẹ ní kì í ṣe gbogbo ìgbà. Àwọn ìgbà tó kù ńkọ́?

Màmá_Nọ́ọ̀sì

Onígàrí, ẹnu rẹ mú jù gàrí Sàvàlú lọ. Àwọn ìgbà tó kù, wọ́n jí i. Ṣé o ti gbọ́ báyìí?

Onígàrí_Wàndó

Mo gbọ́, màmá. Ẹ ṣeun tí ẹ kò yí i po.

Ọmọ_Etíkun

Ẹ kú ìjókòó. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni mí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gbé mi dé etíkun, ní ilé àlejò kan lójú ọ̀nà tó ti Fidjrossè lọ sí Wídà. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo ọ̀sà, ẹ wá wo òkun kí ẹ rí bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí níbi tí àlejò ti pọ̀.

Láàárọ̀, àwọn apẹja ń fa àwọ̀n gẹ́gẹ́ bí baba wọn ti ń fà á, wọ́n ń kọrin. Òyìnbó á sọ̀kalẹ̀ láti bá wọn fa okùn díẹ̀, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè ya fídíò. Ẹja tó bá jáde, òtẹ́ẹ̀lì ti dúró dè é. Ìyá tó ń yan ẹja fún ará àdúgbò kò rí ẹja ńlá rà mọ́, àfi kékeré. Bí ọjọ́ kẹwàá oṣù kìíní bá ti ń súnmọ́, tí ọdún vodun ń bọ̀, onílé á sọ fún ayálégbé pé kó lọ bá ẹbí rẹ̀ sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì kan, kí òun fi yàrá gba àlejò. Èyí kì í ṣe àsọdùn. Owó tó wọlé náà kì í ṣe irọ́, mo ti fi kọ́ yàrá méjì sílé bàbá mi.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Àlejò kan láti òkè òkun jẹ ohun tí kò bá a lára mu, inú ń run ún. Ó pe nọ́ńbà kan lórí fóònù, asúráǹsì rẹ̀ dáhùn láti ìlú wọn, wọ́n wá ilé ìwòsàn aládàáni fún un ní Kútọ̀nù, ọkọ̀ wá gbé e. Kò fọwọ́ kan àpò. Ní àkókò kan náà, ọmọbìnrin tó ń fọ aṣọ ibùsùn lọ́dọ̀ wa ní ibà. Ó ra hóró oògùn mẹ́rin lọ́wọ́ obìnrin tó ń ru abọ́ oògùn kiri lójú ọ̀nà. Wọ́n ti kó oògùn ọjà jọ ní Dantokpa, ọjà ńlá Kútọ̀nù, ní 2017, wọ́n dáná sun ún, àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n. Ó dín kù gan-an, ṣùgbọ́n abọ́ ṣì ń rìn ní ìkọ̀kọ̀. Kí ló fẹ́ ṣe? Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin ni 52,000 láti 2023, ọ̀pọ̀ ilé ìtura kéékèèké kò sì san tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá tilẹ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní CNSS, àpò ìjọba fún òṣìṣẹ́, owó ọmọ, owó ìfẹ̀yìntì àti jàǹbá ẹnu iṣẹ́ ni CNSS ń bójú tó. Ibà kò sí níbẹ̀.

Nítorí náà mo bá ẹ̀gbọ́n Aríkẹ́ lọ: kí wọ́n yọ nínú owó àlejò.

Àdùkẹ́_Nice

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ń kà láti Nice, ní Faransé. Olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn kan níbí. Ìlú etíkun ni, ìlú àlejò pọ́ńbélé. Láti oṣù kẹfà títí di oṣù kẹsàn-án, kò sí àyè láti na ẹsẹ̀ létí òkun, ọjà òdòdó kún fún àwọn tó ń ya fọ́tò tòmátì.

Ọ̀rọ̀ owó òru yẹn ni mo fẹ́ sọ, torí ó lè dùn yín. Faransé ti ń gba owó òru lọ́wọ́ àlejò láti 1910. Òfin wọn sọ kedere pé ohun tó bá ń fa àlejò wá ni kí wọ́n ná an lé: ọgbà, etíkun, ìpolówó, ọdún orin. Kì í ṣe ilé ìwòsàn. Nítorí náà àlejò ń wá ní ọgọ́rọ̀ọ̀rùn-ún ẹgbẹ̀rún, oòrùn ń pa wọ́n, ọtí ń pa wọ́n, wọ́n ń ṣubú lórí àpáta, àwa ni wọ́n ń gbé wọn wá bá, owó òru wọn sì ń lọ sí ibi òdòdó.

Ẹ má sì rò pé owó kún ọwọ́ wọn níbí. Àpò ìlera tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, oṣooṣù ni wọ́n ń yọ tèmi nínú owó oṣù kí n tó fojú kàn án. Bí mo bá lọ rí dókítà àdúgbò, 30 yúrò ni láti ìparí 2024. Àpò á dá ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún padà, á tún yọ yúrò méjì kúrò níbẹ̀. 19 ló ń padà bọ̀ sọ́wọ́ mi, ẹgbẹ́ ìlera tí mo ń dá owó sí ló ń san 9, yúrò méjì yẹn sì wà lọ́rùn mi. Ó dára, n kò ráhùn. Ṣùgbọ́n àpò yẹn jẹ gbèsè tó lé ní bílíọ̀nù 13 yúrò ní ọdún 2024 nìkan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀ka pàjáwìrì àwọn ilé ìwòsàn mìíràn ń ti ilẹ̀kùn lóru nítorí kò sí òṣìṣẹ́. Wọ́n á ní kí o kọ́kọ́ pe nọ́ńbà 15 kí o tó wá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kò rí ilé gbé nítòsí mọ́, torí onílé ti sọ yàrá di ti àlejò ọlọ́sẹ̀ kan. Ọ̀rọ̀ ayálégbé tí Ọmọ_Etíkun sọ yẹn, mo rẹ́rìn-ín, torí mo mọ̀ ọ́n.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé níbí, gbogbo èèyàn ti san kí àìsàn tó dé. Ìyẹn ló ń gbà wọ́n.

Aríkẹ́_Ọ̀sà

Àdùkẹ́, o ti fọ́ ìkòkò mi mọ́ iná. Bí Faransé tó kọ́ wa ní owó orí kò bá fi owó àlejò tọ́jú aláìsàn, ta ni yóò ṣe é níbí?

Àdùkẹ́_Nice

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. N kò ní kí ẹ má béèrè o. Òfin tiwọn kì í ṣe òfin tiwa.

Ará_Kétu

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, ẹ kú ẹkún. Ẹ ní ilé ìwòsàn ńlá ti ẹ̀ka Ouémé àti Plateau láàárín ìlú. Àwa ní Kétu, agbègbè ìlera kan ni wọ́n pa wá pọ̀ mọ́ pẹ̀lú Pobẹ̀ àti Adja-Ouèrè, Pobẹ̀ sì ni ilé ìwòsàn agbègbè wà. Aboyún tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá le ní Kétu, ojú ọ̀nà ló ń dúró dè é.

Àwa náà ní àlejò o. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa, UNESCO ti kéde rẹ̀ láti 2001. Wọ́n ń wá wo Ẹnu Odi Àkàbà Ìdẹ̀nà, wọ́n ń wá wo eré, wọ́n á jẹ iyán, wọ́n á lọ sùn ní Kútọ̀nù. Owó òru kankan kò dé ọ̀dọ̀ wa, torí wọn kì í sùn! Nítorí náà bí ẹ bá ní kí ìlú kọ̀ọ̀kan fi owó àlejò tọ́jú ara rẹ̀, etíkun á ní ìbọ̀wọ́, Kétu á máa fi ọ̀rá bọ ọwọ́.

Àpò ìjọba gan-an ni kí a dojú kọ. Ní oṣù kẹrin 2001, àwọn olórí Áfíríkà pàdé ní Àbújá, wọ́n ṣèlérí pé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìná ìjọba á máa lọ sí ìlera. A kò tíì débẹ̀. Orílẹ̀-èdè tó débẹ̀ kò pọ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n àwa la forúkọ sí i, ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú wa.

Kí n tún sọ ohun kan tó ń jẹ́ kí n máa ronú. Ní Pobẹ̀ níbẹ̀ náà, ibùdó kan wà láti 2003 fún egbò Buruli, àrùn tó ń jẹ ẹran ara àwọn ọmọ tó ń gbé nítòsí omi. Àjọ Raoul Follereau láti Faransé ló kọ́ ọ. Ọmọ á wọ ibẹ̀ pẹ̀lú apá tó ti jẹrà, á jáde pẹ̀lú apá tó ṣeé lò, wọn kì í béèrè owó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n bí àwọn olóore yẹn bá jí lọ́jọ́ kan tí wọ́n ní ó rẹ àwọn?

Màmá_Nọ́ọ̀sì

Ará Kétu, ó ti rẹ àwọn kan ná. USAID, àjọ ìrànlọ́wọ́ ti Amẹ́ríkà, ti pa ilẹ̀kùn dé ní oṣù keje 2025. Àwọn ọ̀dọ́ lè má mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún wa. Láti 2008 ni ètò Amẹ́ríkà lórí ibà ti ń ná owó níbí, lórí oògùn ibà, lórí àyẹ̀wò, lórí àwọ̀n ẹ̀fọn. Láti 2011, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni a ń pín àwọ̀n fún gbogbo ilé. Ibà sì ni àìsàn tó ń kó èèyàn lọ sí ilé ìwòsàn jù lọ ní ilẹ̀ wa, títí di òní. Ní oṣù kẹrin 2024 a bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà fún àwọn ọmọdé, inú mi dùn débi pé mo jáde nílé lọ wò ó. Gavi, àjọ àgbáyé lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára, ló ń ràn wá lọ́wọ́ lórí ìyẹn, Amẹ́ríkà sì ti ní òun kò fún Gavi lówó mọ́. Tani yóò dí ihò yẹn? Ìjọba á ní òun á dí i. Bó bá dí i, ibòmíràn ni yóò ti fa owó náà wá. Ẹ sì ti mọ pẹpẹ tó máa ń kọ́kọ́ gbẹ.

Olókè_Ṣábẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́. Kò sí ẹni tó tíì dárúkọ ARCH. Ètò asúráǹsì tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní 2019, tí òfin ọdún 2021 sì sọ di ọ̀ranyàn. Àwọn tó tálákà jù, ìjọba ló ń san tiwọn. Ní àdúgbò mi ní Ṣábẹ̀, bàbá arúgbó kan ní káàdì yẹn, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ìpákè fún un, kò san kọ́bọ̀. Mo fi ojú mi rí i.

Wàhálà ni pé wọ́n ní èmi kò tálákà tó. Mo ní ọ̀kadà kan àti oko kájú. Bí kájú bá kùnà, mo tálákà; bí ó bá ta, n kò tálákà. Orí ìwé kò mọ àsìkò.

Onígàrí_Wàndó

Hẹn-ẹn! Ibi tí mo ń retí nìyẹn. Àwa tó wà láàárín ni ọ̀rọ̀ yìí ń dùn. Òṣìṣẹ́ ìjọba ní tirẹ̀, tálákà ní káàdì, òyìnbó ní nọ́ńbà fóònù. Ìyá oníyẹ̀fun, alágbàfọ̀, télọ̀, awakọ̀ zém, ta ló ní tiwa?

Èmi kò dúró de mèrí, ìjọba ìbílẹ̀, o. A ní àjọ ní ẹsẹ̀ ìsọ̀ wa, obìnrin mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wá. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá fi 200 kún àjọ rẹ̀ lọ́sẹ̀, 5,000 nìyẹn. Lọ́dún kan, 260,000. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ju òdínáǹsì òru lọ.

Màmá_Nọ́ọ̀sì

Àbá rere. Ṣùgbọ́n mo ti rí irú rẹ̀ tó kú, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó pa á. A dá ẹgbẹ́ ìlera sílẹ̀ ní abúlé tí mo ti ṣiṣẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ le ní òun kò rí ìdí tí òun á fi san. Àwọn tó wọlé ni aboyún oṣù mẹ́jọ, onítọ̀-ṣúgà, bàbá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Gbogbo wọn gba owó láàárín oṣù díẹ̀, àpò gbẹ, àwọn tó kù bínú jáde. Ohun kejì: akápò jẹ́ àbúrò olórí ẹgbẹ́. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Onígàrí_Wàndó

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí a so ó mọ́ àjọ, màmá. Ẹni tó bá fẹ́ kó àjọ gbọ́dọ̀ san 200. Alára-líle àti aláìsàn, gbogbo wa ni. Kò sí pé mo wọlé nígbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí run mí.

Ọmọ_Etíkun

Ṣùgbọ́n 260,000, iṣẹ́ abẹ ńlá méjì á gbé e mì. Kí lẹ ó ṣe fún ẹlẹ́ẹ̀kẹta?

Onígàrí_Wàndó

A kò ní san iṣẹ́ abẹ. Ohun tí wọ́n bá kọ sínú òdínáǹsì ní wákàtí àkọ́kọ́ nìkan: ìbọ̀wọ́, sérọ́ọ̀mù, oògùn ibà tó le, owó ọkọ̀. Kí èèyàn má kú nítorí 8,000 nígbà tí owó rẹ̀ wà lọ́jà.

Aríkẹ́_Ọ̀sà

Ẹ̀bùn ni àbí àwìn?

Onígàrí_Wàndó

Àwìn, kò ní èlé. Ẹni tó gba á, a ó yọ ọ́ nínú àjọ rẹ̀ nígbà tó bá kàn án. Bí olúwarẹ̀ bá kú, a ti fi jì í, kò sí ẹni tí yóò lọ dá ilé òkú dúró.

Àdùkẹ́_Nice

Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìyẹn gba mèrí àti ìjọba lọ́wọ́ ẹrù wọn o. Níbí náà, nígbàkigbà tí aráàlú bá fi ọwọ́ ara wọn tún nǹkan ṣe, àwọn tó yẹ kó ṣe é á sọ pé ó ti tó.

Ará_Kétu

Mo bá Àdùkẹ́ lọ. Àjọ ọlọ́jà kò lè ra ẹ̀rọ ìyá-àti-ọmọ, kò lè san owó oṣù dókítà ní Kétu. Èmi ṣì dúró lórí ìdá 15.

Màmá_Nọ́ọ̀sì

Kò sí ẹni tó ní kí o kúrò lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹ lè béèrè láìdúró de ẹnikẹ́ni. Ilé ìwòsàn ìjọba kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ ìṣàkóso, COGES, aráàlú wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń ṣe ìpàdé, wọ́n ń ka owó tó wọlé lórí oògùn. Mélòó nínú yín ló mọ ẹni tó ń ṣojú àdúgbò rẹ̀ níbẹ̀? Aríkẹ́, lọ béèrè lọ́dọ̀ olórí àdúgbò. Bi wọ́n léèrè pé: ta ni, ìgbà wo ni ẹ pàdé gbẹ̀yìn, èló ni ìjọba ṣì jẹ yín lórí iṣẹ́ abẹ ìbímọ? Bí wọ́n bá ní iye tí ìjọba jẹ wọ́n, ọ̀rọ̀ tí ẹ ó gbé lọ sí mèrí ti ní ẹsẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá lọ pariwo pé ìbọ̀wọ́ kò sí, wọ́n á kí i kú ìnira, á padà sílé.

Aríkẹ́_Ọ̀sà

Ẹ ṣeun, màmá. Mo ti ránṣẹ́ sí olórí àdúgbò wa. Ó ní òun mọ ìyá tó ń ṣojú wa níbẹ̀, pé ó ń ta ẹ̀wà lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́. Mo ti ń ra ẹ̀wà lọ́wọ́ obìnrin yẹn tipẹ́, kò sọ fún mi rí! Màá bá a sọ̀rọ̀ lọ́la, màá sì kọ ohun tó bá sọ síbí.

Lórí owó àlejò, n kò tíì jáwọ́. Bó bá jẹ́ òfin ni kò gbà á, kí wọ́n yí òfin padà, kí wọ́n sì pín in kó dé Kétu náà.

Ará_Kétu

Ọ̀rọ̀ ti wá dùn ún gbọ́ báyìí.

Kẹ̀kẹ́nọ̀229

Ìyá onígàrí, ṣé ọkùnrin lè wọ àjọ yín? Àwa onízém mẹ́rin la wà níbi tí mo ń dúró sí, a fẹ́ wọlé. Àwa la sì máa ń gbé aláìsàn lóru, ẹ lè yọ owó ọkọ̀ kúrò nínú ìnáwó yín.

Onígàrí_Wàndó

Ẹ lè wọlé. Àpótí á ní kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta tí wọn kò bá ara wọn tan, ọkùnrin kankan kò sì ní mú ọ̀kan nínú rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́. Ẹ mú 200 tiyín wá ọjọ́ Ìṣẹ́gun kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà fóònù yín sórí páálí fún mi, torí n kò ní máa wá onízém kiri lóru.

Kẹ̀kẹ́nọ̀229

Ó ti yé wa, ìyá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.